Níbo Ni Mo Ti Mọ̀ Ẹ́ Rí?

Gíláàsì ló kọ́kọ́ wọlé kí ọkùnrin tó gbé e tó tẹ̀ lé e. Gíláàsì fèrèsé ńlá ni, ó ga ju orí ẹni tó gbé e lọ, òjò sì ti pa á, omi ń ṣàn lára rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tún fọ́tò ṣe gbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yìn omi yẹn ló ti rí ojú ọkùnrin náà: ó ń wọ́, ó ń túká, ó tún ń padà pọ̀. Àyà rẹ̀ já. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà rẹwà débi kan. Ó kàn ṣe é bíi pé ẹnìkan tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti ìrìn àjò dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ tètè fi ibi tí màá gbé e sí hàn mí, kí n má baà kú sídìí fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni."

"Ẹ gbé e ti ògiri yẹn. Ẹ rọra o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo mọ̀ yín níbì kan?"

Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin arábìnrin yìí! Ọ̀rọ̀ tí àwa ọkùnrin fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ gbà mọ́ mi lẹ́nu yẹn."

Ilé fọ́tò ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ló ń wá sídìí tábìlì ọmọbìnrin yìí. Àwọn tí èèyàn wọn ti kú ló ń wá. Wọ́n á mú fọ́tò tí ikán ti jẹ imú rẹ̀ wá, tàbí èyí tí omi ti fọ ẹnu rẹ̀ nù, wọ́n á ní kó bá àwọn dá bàbá àwọn padà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé ọwọ́ kì í kan ojúlówó. Á ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á ti ojúlówó bọ àpò, orí ẹ̀dà ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ṣófo, á wá nǹkan dí i: á yá etí lára àbúrò olóògbé, á yá àgbọ̀n lára ọmọ rẹ̀. Bí oníbàárà bá rí i, ẹkún ni. "Bó ṣe rí gan-an nìyí! Ẹ wo bàbá mi!" Nítorí pé kì í gbàgbé ojú tó bá rí lẹ́ẹ̀kan, Àwòdì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Gíláàsì tí Onígíláàsì gbé wá kò bá fèrèsé mu. Ó fi ìka kan kéré. Onígíláàsì padà wá láti wọn fèrèsé, ó tún wá láti gbé òmíràn dé, ó sì tún wá láti wò ó bóyá èyí tó fi sí i kò mì.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ níṣẹ́ nìyí?" ni Àwòdì bi í nígbà tí wọ́n ti di ojúlùmọ̀.

"Wọ́n kọ́ mi dáadáa. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú. Tó bá ṣe déédéé lọ́jọ́ kìíní, kí ni ǹ bá tún wá ṣe níbí?"

"Olè ni ẹ́."

"Mo gbà. Sọ ohun tí mo jí."

Àwòdì dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbóná, Onígíláàsì sì rí i.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn di eré. Bí wọ́n bá ń rìn lọ nírọ̀lẹ́, Àwòdì á dúró, á di àgbọ̀n ọkùnrin náà mú, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Níbo ni mo ti mọ̀ ẹ́ rí ná?"

"Ọ̀run ni."

"Kí lò ń ṣe lọ́run?"

"Èmi ni mo ń ṣe fèrèsé tí àwọn áńgẹ́lì fi ń yọjú wo ayé. Ìwọ lo máa ń fi ọwọ́ dídọ̀tí kàn án. Ìjà wa ò tíì tán o, ẹyinjú mi."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa lọ. Ẹni tí oyin bá wà lẹ́nu rẹ̀ kì í wádìí ibi tí wọ́n ti fà á. Ká ní wọ́n wádìí nígbà náà ni, bóyá ọ̀rọ̀ wọn ì bá má burú tó bó ṣe wá burú.

Nítorí ojú kan wà tí Àwòdì gbàgbé, òun ló sì yẹ kó rántí jù láyé rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sílé, ọkọ̀ funfun kan sì gbá bàbá lójú títì. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàbá, ó wò ó dáadáa, ó sì sá lọ. Bàbá kò dé ọsíbítù kó tó kú. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn nìyẹn láti ọdún yẹn wá, ọmọ yẹn nìkan ló sì fi ojú rí i. "Rántí ojú ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, gbìyànjú." Á di ojú, á gbìyànjú títí orí á fi máa fọ́ ọ, kò ní rí nǹkan kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ fún Onígíláàsì nípa rẹ̀: "Mọ́tò ló pa bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré." Ọkùnrin náà rí i pé kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tọ́pinpin.

Ìyá gba Onígíláàsì tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tún gbogbo fèrèsé ilé wọn ṣe, ẹ̀gbọ́n Àwòdì ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, sì ń pè é ní "àna wa" kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jáde. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n mú ọjọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì wà lórí ìlà níwájú báńkì nígbà tí bàbá arúgbó kan ṣubú lulẹ̀. Gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Onígíláàsì nìkan ló sáré síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàbá náà, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń pè é kíkankíkan: "Bàbá, ẹ má sùn o. Ẹ wo ojú mi. Ẹ má sùn."

Ariwo ìgboro dákẹ́ létí Àwòdì. Títì ló rí, ó rí bàtà bàbá rẹ̀ tó ti bọ́, ó sì rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni náà gbé orí sókè. Ojú tí kò rí láti ìgbà yẹn wá ni. Ojú Onígíláàsì ni.

Nígbà tí arúgbó náà ti jókòó tó ń mu omi, tí Onígíláàsì yíjú padà tó ń rẹ́rìn-ín, kò rí Àwòdì mọ́. Ó ti lọ.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Ì bá bi ọkùnrin náà lójúkojú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ilé ló sá lọ, ó sọ ọ́ fún ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá rẹ̀ ké tòò, ó dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásọtúnsọ: "Mo fún un ní omi mu. Nínú ilé mi níbí, mo fún un ní omi mu."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jókòó. Ó gba ṣọ́ọ̀bù gíláàsì lọ, Àwòdì sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ṣé o mọ títì tó wà níwájú ilé-ìwé, lẹ́bàá ilé epo?" ni ẹ̀gbọ́n bi í, kò tilẹ̀ kí i. "Ọkùnrin kan kú síbẹ̀ láyé ijọ́un. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé o débẹ̀, àbí o ò débẹ̀?"

Onígíláàsì gbé ohun tó fi ń gé gíláàsì kalẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wo Àwòdì, ó sì wò ó pẹ́. "Ìwọ ni ọmọ yẹn?" ni ó bi í.

"Mo ní ṣé o débẹ̀!"

"Mo débẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ni mò ń kọ́ nígbà náà. A lọ gbé gíláàsì fún wọn ní ilé epo, mo gbọ́ ìró, mo sáré jáde. Ẹni tó gbá wọn kò tilẹ̀ dúró."

"Ọkọ̀ wo lẹ gbé lọ?"

"Ọkọ̀ ọ̀gá mi."

"Àwọ̀ wo ni?"

Ẹlòmíràn ì bá parọ́. Onígíláàsì wo ilẹ̀. "Funfun ni."

Ìgbátí ló tẹ̀ lé e. Onígíláàsì ṣubú lu gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì fọ́ yángá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò nawọ́ sókè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwòdì ló ń wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n lọ bá ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù, ohun tí ọmọ kékeré rí kò lè gbé ẹjọ́ dúró. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti kú, ilé epo ti di ilé ìtajà. Kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí gbe ọkùnrin náà, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́rìí takò ó, àyàfi ojú Àwòdì. "Ojú ọmọ mi kì í ṣìnà," ni ìyá ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i.

Báyìí ni ayé ṣe dojú rú mọ́ Àwòdì lọ́wọ́. Bó bá di ojú, á rí i, ojoojúmọ́ ni ohun tó ń rí sì ń pọ̀ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú nìkan ló rí. Nígbà tó yá, ó rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun tó ṣí. Ó rí ẹsẹ̀ Onígíláàsì tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe dún. Ó kórìíra rẹ̀ débi tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ débi tó ń yà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá kó lè gbọ́ ìró gíláàsì. Ó wù ú kó kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wù ú.

Ó ń ṣiṣẹ́ ṣá, nítorí ọwọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ọkàn kò bá sí níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ti gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ìyá náà ní yunifásítì, bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan àti bó ṣe ń gbàgbé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ikán ti jẹ ojú méjèèjì bàbá náà. Nígbà tí Àwòdì parí rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ wá gbà á. Ẹ̀gbọ́n sọkún kíkorò. "Ẹ wo ojú bàbá wa! Bí wọ́n ṣe ń wò mí gan-an nìyí tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n!"

Àwòdì náà wò ó. Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ojú Onígíláàsì ló fi sí bàbá olóògbé lórí, tòun ti ìpéǹpéjú tó rọ̀ díẹ̀ lápá òsì. Ó káwọ́ lérí, ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ dúró nínú ọkọ̀. Ó fa àga, ó jókòó. "Sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi." Àwòdì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi yóò máa búra títí tó fi máa kú pé ojú yìí ni bàbá wa fi wo òun," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí lẹ́yìn tó gbọ́ tán. "Kò parọ́. Ohun tó rí náà ló ń rántí. Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàbá ẹ ló wa ọkọ̀?"

"Màmá mi ni, mà."

"Ṣé màmá wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Ní ọsíbítù ni wọ́n ti bi mí. Wọ́n ní ta lo rí? Mo ní mo rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ dádì. Wọ́n ní òun ló wa ọkọ̀, àbí? Mo wá..."

"O wá mi orí."

"Mo mi orí, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dì í lọ́wọ́ mú. "Níbi iṣẹ́ tìrẹ, o máa ń ti ojúlówó bọ àpò. Orí tiwa ò ní àpò yẹn. Gbogbo ìgbà tó o bá mú nǹkan jáde láti rántí lo ń tún un ṣe, èyí tó o tún ṣe náà lo sì ń dá padà síbẹ̀. O mọ ojú ọkùnrin yẹn lóòótọ́; orí ẹ pa ojú náà mọ́, ó sọ ibi tó ti rí i nù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ arúgbó níwájú báńkì, orí ẹ rí ibẹ̀ padà. Ibẹ̀ sì ní àyè kan tó ṣófo."

"Àyè awakọ̀," ni Àwòdì wí. "Èmi ni mo fi í dí i." Ó gbé ojú sókè pẹ̀lú ìrètí. "Nígbà náà, kì í ṣe òun, mà?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Ó lè má jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ òun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú ẹ kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

"Ṣé ẹ lè bá mi yọ ọ́ kúrò lórí mi? Ilẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ lè bá mi yọ ọ́?"

"Rárá, ọmọ mi."

Ìrètí tó bá kú lẹ́ẹ̀kejì máa ń dunni ju tàkọ́kọ́ lọ. Àwòdì jókòó síbẹ̀ pẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó máa sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún un láéláé. Bó bá ń dúró de ìgbà tó máa mọ̀, ibẹ̀ ló máa darúgbó sí. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gíláàsì lọ.

Onígíláàsì ti gbẹ, èékánná rẹ̀ dúdú, aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí. Nígbà tó rí i, kò dìde. "Padà," ni ó wí. "Jọ̀ọ́, padà sílé. Mo ti ń rí i."

"Kí lò ń rí?"

"Bọ̀ọ̀dá ẹ wá síbí lemọ́lemọ́. Ó ní kí n rántí dáadáa, pé bóyá ẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé. Mo wá ń rò ó: tó bá jẹ́ èmi ńkọ́? Mo rò ó, mo rò ó. Ní báyìí mo ń rí sítíárì ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe dún nígbà tí ọkọ̀ gbá wọn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé èmi kọ́. Mi ò mọ̀ mọ́."

Àwòdì jókòó sílẹ̀ láàárín àfọ́kù gíláàsì. Ohun tó ṣe fún ara rẹ̀ ló ti ṣe fún un. "Àwa la fi síbẹ̀," ni ó wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fi í síbẹ̀, mo sì fà á wá bá ẹ."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú."

Ní òde, àwọn èèyàn ń kọjá lọ, ẹnìkan ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lọ́nà. Ìbéèrè kan wá sí Àwòdì lọ́kàn, ó sì yà á lẹ́nu pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnìkankan nínú wọn tó béèrè rẹ̀.

"Ṣé bàbá mi sọ̀rọ̀?"

Onígíláàsì ká ọwọ́ kúrò lójú. "Wọ́n sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ kó má baà dà bíi pé òkú wọn ni mo fi ń gba ara mi là."

"Sọ ọ́."

"Wọ́n ní, 'Gbé ọmọ mi kúrò lójú títì.' Nǹkan tí wọ́n ń sọ ṣáá nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má sùn, wọ́n ní gbé ọmọ mi kúrò. Mo wá gbé ẹ. Mo fẹ́ gbé ẹ fún àwọn obìnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí n lè lọ wá ọkọ̀, o dì mọ́ mi lọ́rùn, o ò sọ̀. Mo fi agbára tú ọwọ́ ẹ. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ."

Àwòdì di ojú. Ó rí i. Ó rí ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó làágùn, ó gbọ́ òórùn àtè tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì, ó mọ bí apá kan ṣe gbé e sókè kúrò lórí ọ̀dà gbígbóná. Ó rí i kedere, bó ṣe rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun náà.

"Ṣé o rántí?" ni Onígíláàsì béèrè jẹ́jẹ́.

"Mo ń rí i. Bóyá mo rántí, bóyá mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é báyìí ni, láti inú ohun tó o sọ." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Bó bá di ọ̀la, màá máa búra pé mo ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀. Má gbà mí gbọ́. Gbọ́, olólùfẹ́ mi: a ò ní mọ̀. Ilẹ̀kùn yẹn á máa ṣí lójú mi títí mo fi máa kú, sítíárì yẹn á sì máa wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o lè bá mi gbé bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

"Ẹ̀rù á máa bà mí lọ́jọ́ mìíràn. Màá sùn síbẹ̀."

Ó na apá sí i. Onígíláàsì gbá a mọ́ra, ó sì sọkún bí ọmọdé.

Kóòtù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, láìsí orin. Ọ̀gá ilé fọ́tò àti ọ̀jọ̀gbọ́n ló jẹ́rìí sí i. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní àbúrò mọ́. Ìyá ní kí wọ́n má pe òun. Àwòdì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá, títí kan ohun tí bàbá sọ kó tó kú; ìyá kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n rí ìyá tó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ilé ló wọ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀. Kò wo ojú Onígíláàsì pàápàá, bọ́tìnnì àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló ń wò.

"Mi ò wá súre fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Wọ́n ní ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan lo gbọ́. Sọ ọ́ fún mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an."

Onígíláàsì kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́.

Ìyá di ojú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ lábẹ́lẹ̀. Ó wá di apá ẹ̀wù ọmọkùnrin náà mú.

"Tún un sọ," ni ó wí.